Yàrá Márùn-ún Nínú Fóònù

Mo kọ́ yàrá márùn-ún sínú fóònù mi lánàá.
Gbogbo wọn dọ́gba: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lóròó, mẹ́wàá níbùú,
ilẹ̀kùn kan, kò sí fèrèsé,
iná igi kékeré láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ìlú inú géèmù yẹn, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́.
Ohun funfun kan ń já bọ́ láti òkè bí òwú tí a gbọ̀n,
èmi tí n kò rí irú rẹ̀ rí, ọmọ Òkèlélé,
ìka tó ń làágùn ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

Yàrá kìíní, pákó.
Ìkejì, òkúta ẹyọ kan.
Ìkẹta, òkúta kan náà, mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.
Ìkẹrin, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí mo fi àlàfo sí láàárín,
àlàfo lásán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
Ìkarùn-ún, mo ki koríko bọ inú àlàfo náà.
Mo ti ènìyàn kékeré kan mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan,
mo pa iná wọn,
mo jókòó, mo ń ka nọ́ńbà.

Aago kan òru ni, oṣù kẹta.
Iná ìjọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Búlọ́ọ̀kù tí Bùsàírì fi owó adìẹ mọ fún wa
ti mu oòrùn yó láti àárọ̀,
òru ló wá ń bì í sí wa lára.
Páànù ń dún lókè, ká, ká, ká.
Bátìrì mi ku ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún.

Pákó ló kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀, ẹni inú rẹ̀ ń gbọ̀n.
Òkúta ẹyọ kan tẹ̀ lé e.
Mo ti fi ọkàn sí onílọ̀ọ́po méjì,
torí ohun tó nípọn la mọ̀ sí ohun tó lágbára.
Irọ́ ni. Ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ méjì pẹ̀lú òfo àárín wọn
di ooru mú nígbà tí òkúta ti tutù tán.
Oníkoríko ńkọ́? Ẹni inú rẹ̀ na ara sílẹ̀, ó sùn lọ.
Mo pariwo.
Màámi ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ṣé ejò ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́,
mo jí òṣùwọ̀n ooru tí Bùsàírì fi ń ṣọ́ òròmọdìẹ.
Mo so ó kọ́ ìṣó ní yàrá wa. Aago méjì ọ̀sán,
ogójì ó dín ẹyọ kan.
Mo gbé e lọ sí yàrá Ìyá Àgbà Sàfíyà lẹ́yìnkùlé,
yàrá amọ̀ tó ṣẹ́kù, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́,
èyí tí àwọn ọmọ ilé ń wí pé ká wó, ká fi ṣe ṣọ́ọ̀bù.
Ọgbọ̀n ó lé ẹyọ kan.
Mo gbọn òṣùwọ̀n náà. Ọgbọ̀n ó lé ẹyọ kan.

"Kí lo ń wá lára ògiri mi?"
Mo ní mo ń wo bó ṣe ń ṣe é ni.
"Kò ṣe nǹkan kan. Koríko ló wà níbẹ̀.
Bàbá rẹ àgbà ló ń da omi, èmi ni mo ń fi ẹsẹ̀ gún ẹrẹ̀,
oyún bàbá rẹ ti pé oṣù méje.
Mo ń gún un, mo ń ṣépè fún un."
Koríko wo?
"Èyí tí màlúù kọ̀."

Mo padà sínú géèmù, mo wá ẹrẹ̀ títí.
Pákó wà, òkúta wà, irin wà, gíláàsì pàápàá wà.
Ẹni tó ṣe é kò gún ẹrẹ̀ rí.

Bùsàírì ń lọgun níta báyìí:
ta ló gbé òṣùwọ̀n òun? Ṣé a fẹ́ pa òròmọdìẹ òun ni?
N kò dáhùn.
Mo ti tẹ́ ẹní mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Àgbà,
ó sì ní kí n sún ẹsẹ̀ mi kúrò.